Ẹni Tó Jókòó sí Àyè Mi

Ènìyàn líle ni mí, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́. Àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì nílé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ mọ̀ bẹ́ẹ̀, ọkọ mi mọ̀ bẹ́ẹ̀, kódà àwọn tó ń ta búrẹ́dì lẹ́nu géètì wa mọ̀ pé bí Anti Títílọlá bá ti yọ lọ́ọ̀ọ́kán, kí wọ́n yára yọ búrẹ́dì àná kúrò láàárín tòní. Díákónì ni bàbá mi Oyèdèjì ní ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi kó tó kú, ìyá mi sì ń kọ́ àwọn ọmọdé ní Ilé Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi. Bí ọmọ bá purọ́ nílé wa, kò ní jẹ ẹran, bí ó sì jẹ́ àlejò ló purọ́, bàbá mi á wo ojú rẹ̀ títí tí kò fi ní lè jẹ tirẹ̀ náà. Ibẹ̀ ni mo ti wá. Ìdí nìyẹn tí ohun tí wọ́n fi ojú mi rí ní gáréèjì Takie fi dùn mí wọ egungun.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni, mo ń kọ́ kíláàsì kejì lọ́wọ́, ni fóònù mi ń gbọ̀n nínú báàgì. Ràmọ́tà ló ń pè. Ràmọ́tà ni ayálégbé ìyá mi ní Ọ̀yọ́, nínú ilé bàbá ìyá mi tí ìyá mi padà sí lẹ́yìn tí bàbá mi kú. Ike ló ń tà ní Ọjà Akẹ̀sán: abọ́, garawa, ìkòkò ìpọnmi, àti ṣẹ́ẹ̀rẹ́ ọmọdé. Ojú ti ń dun ìyá mi tipẹ́, kò ríran mọ́ àfi bí òjìji. Ràmọ́tà ló ń bá a kán oògùn sójú, òun ló ń gbé omi ìwẹ̀ rẹ̀. Kò bá a tan, kò sì bá a ṣe ẹ̀sìn kan náà, ṣùgbọ́n bí mo bá ní mo fọkàn balẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, nítorí rẹ̀ ni.

"Anti Títí, ẹ máa bọ̀ wá o," ó ní. "Màmá ò jẹun láti àná. Orúkọ yín ni wọ́n ń pè."

Mo ju ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀. Mo sọ fún ọ̀gá àgbà wa, n kò tilẹ̀ dúró gbọ́ èsì rẹ̀. Ọ̀kadà gbé mi dé gáréèjì kan nítòsí Takie, níbi tí wọ́n ti ń kó èrò Ọ̀yọ́. Onímáíkírà kan, onítakisí kékeré, kọ́kọ́ pàdé mi, ó ní bí mo bá lè san owó gbogbo àyè inú ọkọ̀ òun, òun á gbé èmi nìkan lọ lójú ẹsẹ̀. Mo ti ṣí pọ́ọ̀sì mi. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó ń pe èrò sínú bọ́ọ̀sì kan ké sí mi: "Ọ̀yọ́ ọ̀kan! Ó ku ẹnì kan péré, Mọ́mì, ẹ wọlé ká máa lọ!"

Mo yọjú wo inú bọ́ọ̀sì náà. Òótọ́ ni, ó kún. Ọkùnrin kan ń ka ìwé ìròyìn, ọmọbìnrin kan ki nǹkan sétí ó ń gbọ́ orin, ìyá kan gbé ẹrù lé itan. Àyè kan péré ló ṣófo, lẹ́gbẹ̀ẹ́ obìnrin àgbà kan tó wé gèlè funfun. Bọ́ọ̀sì tó ti kún á kúkú gbéra ṣáájú kí èmi àti onímáíkírà tó dúnàádúrà tán, bẹ́ẹ̀ ni mo rò ó. Mo pa pọ́ọ̀sì mi dé, mo wọlé.

Obìnrin onígèlè funfun yẹn sún fún mi. "Ẹ kú ìrìn o. Ara yín ò balẹ̀, kí ló dé?"

"Ìyá mi ni, mà. Ara wọn ò yá, ní Ọ̀yọ́."

Kò bi mí ní nǹkan mìíràn. Ó na ọwọ́, ó di tèmi mú, ó bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Àdúrà àwọn Aládùúrà ni, tó ń fi Halelúyà bẹ̀rẹ̀ tó sì ń fi Halelúyà parí, ohùn òkè ni ó sì fi ń gbà á. Àwa Onítẹ̀bọmi a máa ń rọra bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀, ojú á sì máa tì wá bí ẹlòmíràn bá ń pariwo. Lọ́jọ́ yẹn ojú ò tì mí. "Ẹ ó bá wọn láàyè," ó ní, mo ní Àmín, Àmín mi ga ju tirẹ̀ lọ.

Ọkọ̀ kò gbéra. Ọkùnrin oníwèé ìròyìn sọ̀kalẹ̀ pé òun fẹ́ ra ọsàn. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ọmọbìnrin tó ń gbọ́ orin gba fóònù, ó sọ̀kalẹ̀ láti lọ sọ̀rọ̀ níbi tí ariwo kò sí. Ìyá ẹlẹ́rù ní ọmọ òun ò tíì dé, òun á dúró dè é. Bí ẹnì kan bá ti sọ̀kalẹ̀, ẹni tó ń pe èrò á tún ké pé ó ku ọ̀kan. Mo ń kanra nínú mi. Mo ní irú àwọn èrò aláìníláárí wo nìyí, tí wọn ò mọ ibi tí wọ́n ń lọ? Èmi ò fura! Èmi tí mò ń fi gbogbo ọjọ́ ayé mi mú ọmọ tó ń jí ìwé wò.

Ọkọ̀ Ìlọrin kan dúró lẹ́yìn wa. Mo ṣèèṣì yíjú, mo rí oníwèé ìròyìn nínú rẹ̀. Ó jókòó pẹ̀sẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó tún ṣí ìwé ìròyìn yẹn, ojú ewé kan náà. Ìgbà náà ni ojú mi là. Àwọn wọ̀nyí kì í ṣe èrò. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n jókòó sínú ọkọ̀ kó lè dà bíi pé ó ti kún, kí àwa tí à ń lọ ní tòótọ́ lè wọlé. Bí èrò gidi bá ti ń dé, wọ́n á máa bọ́ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Mo yíjú sí obìnrin tó di ọwọ́ mi mú. "Mọ́mì, ṣé ẹ̀yin ń lọ Ọ̀yọ́?"

Kò wò mí. "Mò ń lọ, ọmọ mi."

Òun ló kù gbẹ̀yìn. Èrò gidi ń kán wọlé díẹ̀díẹ̀, ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún, obìnrin yìí ò sì tú ọwọ́ mi sílẹ̀. Nígbà tó yá, dírẹ́bà fi ìka kan gíláàsì fèrèsé. Obìnrin náà rọra fi ọwọ́ mi sílẹ̀, ó ní, "Mò ń bọ̀," ó sì sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó ń dùn ún. Kò padà wá. Mo fẹ́ sọ̀kalẹ̀ wá ọkọ̀ mìíràn, mo wo ìta, onímáíkírà ti lọ tipẹ́.

Oòrùn ti kan àtàrí kí a tó gbéra. Mo ń pe Ràmọ́tà láti ìgbà tí a ti jáde nílùú, kò gbé e. Nígbà tí ọ̀kadà já mi sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé wa ní Ọ̀yọ́, sálúbàtà pọ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn, mo ti mọ̀. Ràmọ́tà jáde wá pàdé mi. Gèlè rẹ̀ ti wọ́, ọwọ́ rẹ̀ ṣófo.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Anti Títí. Ẹ pẹ̀lẹ́."

"Ìgbà wo?"

"Kò tíì pẹ́."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló pa mí jù. Bí ó bá jẹ́ pé òru àná ni ìyá mi kú, ǹ bá gbà. Kò tíì pẹ́! Mo wọlé, mo fọwọ́ kan ìyá mi, ara rẹ̀ ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo sunkún bí ọmọ ọwọ́. N kò sunkún ikú nìkan. Mò ń sunkún ọkọ̀ tí mo jókòó sí.

A sin ìyá mi. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wá láti Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n kọrin dáadáa, wọ́n ní ìyá rere ló lọ. Láàárín gbogbo rẹ̀ mo kíyè sí i pé Ràmọ́tà ń sá fún ojú mi. Mo bi í nígbà tó ku àwa méjì nídìí àdògán: "Ṣé wọ́n pè mí?"

"Wọ́n pè yín."

"Kí lo wá sọ?"

"Mo ní ẹ ti ń bọ̀." Ó sì gbé ìkòkò tó ti fọ̀ tán, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í fọ̀ ọ́. Mo rò pé ó ti rẹ̀ ẹ́ ni. Mo tún rí i pé àwọn ẹ̀gbà tó máa ń dún wòró-wòró lọ́wọ́ rẹ̀, kò wọ̀ wọ́n mọ́. Mo ní ó ń ṣọ̀fọ̀.

Mo padà sẹ́nu iṣẹ́. Ohun tó kàn nínú ìwé tí a ń lò ni àwọn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ìtumọ̀ wọn sún mọ́ra, àfi bíi pé ẹnì kan mọ̀-ọ́n-mọ̀ tò ó dè mí. Ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà: ẹ̀tàn. Mo ti kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún láìbínú. Lọ́jọ́ yẹn mo ń kọ ọ́ sára pátákó, ṣọ́ọ̀kì ń ṣẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́.

Mo sọ fún wọn pé *trick* kéré. Ọmọdé lè fi bá ọmọdé ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣeré, kí ó pa nǹkan mọ́ sẹ́yìn kó ní ó ti fò lọ. *Mislead* ni kí o fi ọ̀nà tí kì í ṣe ọ̀nà han ènìyàn, ó sì ṣeé ṣe kí ìwọ fúnra rẹ má mọ̀. *Pretend*, o ṣe bí ẹni tí o kì í ṣe, bóyá o pa ẹnikẹ́ni lára, bóyá o ò pa á lára. *Dupe*, o fi ẹni náà ṣe gọ̀ngọ́sú, ojú á sì tì í nígbà tó bá mọ̀. *Deceive* wọ inú ju ìyẹn lọ, torí pé ẹni náà gbà ọ́ gbọ́, o sì mọ̀ pé ohun tó gbà gbọ́ kì í ṣe òtítọ́. *Defraud* wá ni olórí wọn. O tan án, o sì tipa bẹ́ẹ̀ gba ohun tó jẹ́ tirẹ̀. Òun ni àwa ń pè ní jìbìtì, òun ni ọlọ́pàá mọ̀, òun ni adájọ́ mọ̀.

Praise, ọmọbìnrin kan tó máa ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, na ọwọ́. "Ma, tí èèyàn bá tan ẹlòmíì kí ọkàn ẹ̀ lè balẹ̀ ńkọ́? Bíi kéèyàn sọ fún *patient* pé ara ẹ̀ ti ń yá. Èwo ni ká pe ìyẹn nínú gbogbo ẹ̀?"

"Jókòó," mo ní. "Irọ́ ni irọ́ ń jẹ́."

Ó jókòó. Èmi sì ti mú tèmi nínú àwọn ọ̀rọ̀ ara pátákó. Àwọn ènìyàn yẹn lu mí ní jìbìtì. Owó ọkọ̀ kọ́ ni wọ́n gbà lọ́wọ́ mi. Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn tí ìyá mi ní láti bá mi sọ ni wọ́n gbà, kò sì sí bí wọ́n ṣe lè dá a padà.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà mo gba gáréèjì lọ. Alága wọn ń jẹ́ Mashood, ọkùnrin títóbi tó ń jókòó sórí àga ike lábẹ́ agboòrùn, tí pákò kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ mi tán, kò já mi lẹ́nu. Ó yọ pákò.

"Ẹ kú ìrọ́jú, Anti. Ẹ kú àṣẹ̀yìndè Màmá. Èmi ò ní parọ́ fún yín, kò sí gáréèjì tí wọn kì í ti ṣe é. Ẹ wò ó, tí mọ́tò bá ṣófo, kò sẹ́ni tó máa wọ̀ ọ́. Èyí tó ti fẹ́ẹ́ kún ni gbogbo yín ń wá. Ta wá ni kó kọ́kọ́ wọ̀ ọ́?"

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ bí mi nínú. Láti ìgbà tí mo ti dáyé, n kò wọ ọkọ̀ tó ṣófo rí. Mo máa ń wo inú rẹ̀ ná.

Ó ránṣẹ́ pe dírẹ́bà náà, Joseph, ó sì ránṣẹ́ pe obìnrin onígèlè funfun. Ìyá Ṣògo ni wọ́n ń pè é. Olúwaṣògo lorúkọ àkọ́bí rẹ̀. Joseph dọ̀bálẹ̀, ó ní òun ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà le tó bẹ́ẹ̀. Ìyá Ṣògo fẹ́ kúnlẹ̀, orúnkún rẹ̀ ò gbà, Alága ní kó jókòó. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ó ju mí lọ dáadáa lọ́jọ́ orí.

"Ẹ di ọwọ́ mi mú," mo sọ fún un. "Ẹ̀ ń gbàdúrà fún mi, ẹ sì ń tàn mí. Ṣé àdúrà yẹn náà wà lára iṣẹ́ tí wọ́n ń san owó rẹ̀ fún yín ni?"

"Rárá o, ọmọ mi." Omi ti dé sójú rẹ̀. "Pé Ọ̀yọ́ ni mò ń lọ, ìyẹn nirọ́. Àdúrà yẹn, tọkàntọkàn ni mo gbà á. Àwọn yòókù ti ń sọ̀kalẹ̀, Joseph ti ń ṣẹ́jú sí mi kí n bọ́lẹ̀, mi ò rọ́kàn fi ọwọ́ yín sílẹ̀ ni. Mo ń bẹ Ọlọ́run kó yáa darí èrò wá, kẹ́ ẹ lè tètè lọ."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò fi sọ fún mi pé kí n wá ọkọ̀ mìíràn?"

Ó fọwọ́ ra orúnkún rẹ̀. "Ẹ̀pà síse ni mo ń tà tẹ́lẹ̀. Ẹsẹ̀ ò jẹ́ kí n lè kiri mọ́. Iṣẹ́ ìjókòó nìkan ló kù tí ara mi gbà. Tí mo bá sọ fún yín, ó ti bọ́ nìyẹn. Ẹ̀rù bà mí."

Àánú rẹ̀ ṣe mí, mo sì bínú sí àánú náà. Mo dìde. Mo sọ fún Alága pé èmi ń lọ sí teṣàn ọlọ́pàá, pé jìbìtì ni wọ́n lù mí, pé bẹ́ẹ̀ gan-an ni n ó ṣe sọ ọ́.

Alága wo ilẹ̀. "Anti, ẹ̀yin lẹ mọ̀wé, ẹ̀yin náà lọ̀rọ̀ kàn. Tẹ́ ẹ bá ní jìbìtì ni, èmi fúnra mi ni màá mú àwọn méjèèjì lọ sí teṣàn, wọn ò sì ní tẹ gáréèjì yìí mọ́. Ẹ ṣáà lọ fi ọkàn rò ó. Màá pè yín lọ́jọ́ Sátidé. Ohun tẹ́ ẹ bá ní ká pè é náà la máa pè é."

Nígbà tí mo ń lọ, Ìyá Ṣògo ṣì jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń fi etí gèlè nu ojú. Kò bẹ̀ mí mọ́.

Ní ọjọ́ Sátidé mo gba Ọ̀yọ́ lọ láti kó aṣọ ìyá mi. Kì í ṣe pé mò ń rò ó mọ́. Mo ti pinnu, fóònù Alága nìkan ni mò ń dúró dè. Mo bá ẹrù nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, àwọn àpò ńlá tí wọ́n ti fi okùn dì. Mo rò pé ẹrù ìyá mi ni. Ẹrù Ràmọ́tà ni.

"Níbo lò ń lọ?"

"Mo ti gba yàrá kan sí ọ̀nà ọjà, Anti." Ó ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. "Ẹ má bínú. Mi ò lè máa gbé inú ilé yìí kí n sì máa wo ojú yín."

"Kí lo ṣe?"

Ó jókòó sórí àpò kan. N kò tíì rí Ràmọ́tà kó jókòó níwájú mi láìjẹ́ pé mo ní kó jókòó.

"Wọ́n ń pè yín ṣáá lọ́jọ́ yẹn," ó ní. "Mo ní ẹ ti wà lọ́nà. Wọ́n ní, 'Láti àárọ̀ lo ti ń sọ bẹ́ẹ̀.' Wọ́n fẹ́ dìde lọ wò yín lẹ́nu ọ̀nà, wọn ò lè dìde. Èémí wọn ò délẹ̀ mọ́, Anti, ó ń já. Ẹ̀rù wá ń bà wọ́n. Ẹ mọ̀ pé Màmá kì í bẹ̀rù nǹkan kan, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà wọ́n lọ́jọ́ yẹn. Wọ́n ní, 'Àbí Títí ò ní wá ni?' Mi ò lè gbọ́ ọ mọ́. Mo bọ́ ẹ̀gbà ọwọ́ mi, torí wọ́n mọ bó ṣe ń dún. Mo jáde, mo tún padà wọlé, mo sì jẹ́ kí ilẹ̀kùn dún. Mo lọ jókòó sórí àga yín tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo ní, 'Mọ́mì, èmi nìyí.'"

Mo yíjú sí ilẹ̀kùn yàrá ìyá mi.

"Wọ́n ní, 'Títí?' Mo ní, 'Mà.' Wọ́n wá ọwọ́ mi kàn, wọ́n ń fọwọ́ pa á. Ọwọ́ tèmi le, ẹ sì mọ̀ ọ́n. Wọ́n ní, 'Ọwọ́ rẹ mà ti le o. Ṣọ́ọ̀kì yẹn ti jẹ ọ́ lọ́wọ́.' Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀. Wọ́n ní, 'O ṣeun tó o tètè dé.' Wọn ò sọ nǹkan kan mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Ọwọ́ wọn wà lọ́wọ́ mi títí wọ́n fi lọ."

Mo dìde, mo jáde sí ẹ̀yìnkùlé. Kí n sọ òótọ́, inú ló kọ́kọ́ bí mi, inú burúkú. Ẹlòmíràn tún ti jókòó sí àyè mi! Ẹlòmíràn ló dáhùn sí orúkọ mi. Ọpẹ́ tí ìyá mi dá kẹ́yìn láyé, ọwọ́ Ràmọ́tà ló bọ́ sí, ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn gan-an tí mò ń torí rẹ̀ lọ bá ọlọ́pàá. Bí n bá mú ohun tí mo kọ sára pátákó fún àwọn ọmọ wọ̀nyẹn, tí mo fi wọn ọ̀rọ̀ yìí, gbogbo rẹ̀ ló bá a mu. Ó ṣe bí ẹni tí kì í ṣe. Ó jẹ́ kí afọ́jú gba irọ́ gbọ́. Ó gba ohun tó jẹ́ tèmi.

Mo dúró lẹ́bàá kànga títí. Ohun tó ń padà sọ́kàn mi ni ìyá mi tó ń fi ẹnu ara rẹ̀ wá àwáwí fún ọwọ́ líle yẹn. Ó ti fẹ́ gbà pé èmi ni. Bí Ràmọ́tà kò bá jókòó sórí àga yẹn, kì í ṣe èmi ni ǹ bá jókòó síbẹ̀. Àga náà ìbá ṣófo ni. Ìyá mi ìbá kú pẹ̀lú ẹ̀rù, kó máa bèèrè bóyá n kò ní wá. Ìgbà náà ni mo tún sunkún, ṣùgbọ́n kì í ṣe irú ẹkún ti ìṣáájú.

Nígbà tí mo wọlé padà, Ràmọ́tà ṣì wà lórí àpò.

"Anti," ó ní, "ẹ̀yin lẹ gbọ́ Òyìnbó. Kí ni wọ́n ń pe irú ohun tí mo ṣe yẹn? Tí mo bá ń kírun, mo máa ń fẹ́ tọrọ àforíjì, mi ò wá mọ orúkọ tí mo máa pè é níwájú Ọlọ́run."

Gbogbo ọ̀rọ̀ ara pátákó yẹn ló dúró níwájú mi, mo yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń wá kọ́kọ́rọ́ tó máa ṣí ilẹ̀kùn. Kò sí èyí tó wọlé. Mo rántí Praise tí mo ní kó jókòó. Ọmọ yẹn béèrè ìbéèrè gidi.

Ibẹ̀ ni fóònù mi ti dún. Alága Mashood ni.

"Anti, ẹ kú ọjọ́ o. Mo ní màá pè. Joseph àti Ìyá Ṣògo wà níbí lọ́dọ̀ mi. Kí lẹ ní ká pe ọ̀rọ̀ yìí?"

Mo wo Ràmọ́tà, mo wo ọwọ́ rẹ̀ tí kò sí ẹ̀gbà.

"Ẹ má mú ẹnikẹ́ni lọ síbì kankan, Alága," mo ní. "Ẹ gbọ́ mi dáadáa o, n kò sọ pé ohun tí wọ́n ṣe dára. Kò dára, ó ṣì ń dùn mí, ó sì lè máa dùn mí títí n ó fi kú. Ṣùgbọ́n n kò ní pè é ní jìbìtì. Ohun kan ni mo fẹ́. Ẹni tó bá dé gáréèjì yín tó ń sáré lọ wo aláìsàn, kí wọ́n sọ òótọ́ fún un pé ọkọ̀ ò tíì kún, kó lè wá òmíràn wọ̀. Ìyá Ṣògo ni kí ẹ fi iṣẹ́ yẹn lé lọ́wọ́."

Alága rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ìyá yìí? Ẹni tó jókòó tì yín tó ń purọ́ fún yín? Ṣé á lè sọ òótọ́ nínú mọ́tò?"

"Ó mọ bí a ṣe ń di ọwọ́ ènìyàn mú," mo ní. "Òótọ́ sísọ ló kù kó fi kún un."

Mo gbọ́ tí ó ń tún un sọ fún wọn. Mo gbọ́ ohùn Ìyá Ṣògo lẹ́yìn rẹ̀, ó ké Halelúyà, ó tún bú sẹ́kún. Mo pa fóònù.

Ràmọ́tà kò mọ ohun tí à ń sọ. Ó ti dìde, ó ń wá etí àpò tó máa kọ́kọ́ gbé. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo gbé e padà sẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀. Mo ní kó lọ wá ẹ̀gbà rẹ̀ wọ̀. Ó ń wò mí bí ẹni tó ń retí kí n ṣẹ̀ṣẹ̀ wá bú òun. Mo di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú. Òótọ́ ni ìyá mi sọ, ó le bí ọwọ́ ẹni tó ń ru garawa láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́.

"Ràmọ́tà," mo ní, "o ṣeun tó o tètè dé."